Ewúrẹ́ Tó Já Sómi ní Èjìnrìn

Láti ọdún 1979 ni fìlà kò ti kan orí Bàbá Fàsásì mọ́. Oòrùn pa orí náà, òjò rọ̀ sí i, ọyẹ́ fẹ́ lù ú, bàbá kò dé nǹkan kan lé e. Irun ibẹ̀ ti bínú lọ tipẹ́, awọ tó kù sì ń dán bí àwo tánganran. Lèmọ́mù Èjìnrìn bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kí ó kúkú máa fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé tó sì bà lé orí náà, ojú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ a máa ṣe bàìbàì, wọn kì í gbọ́ wáàsí mọ́.

"Kí wọ́n di ojú," bàbá dá a lóhùn. "Ṣebí etí ni wọ́n fi ń gbọ́ wáàsí."

Ohun tó gba fìlà lórí bàbá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni láti Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́. Lọ́dún náà, Olóyè Mojúbàolú tó ń du ipò aṣòfin wá polongo ìbò ní ọjọ́ ọjà Èjìnrìn. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, àwọn ọdẹ ń yin ṣakabùlà láti fi kí i káàbọ̀. Ìbọn kan tí kì í ṣe ti ìkíni dún láàárín ti ìkíni, olóyè sì ṣubú lulẹ̀. Ariwo ìbọn pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn obìnrin tó ń kọrin kọ orin wọn dé ìparí kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tí àwọn ń kọ ọ́ fún ti dèrò ọ̀run. Wọn kò rí ẹni tó yìnbọn mú. Fàsásì ni wọ́n rí.

Awakọ̀ ojú omi ni Fàsásì, òun ló sì di okùn ọkọ̀ olóyè mú ní èbúté lọ́jọ́ náà. Ìgbéraga rẹ̀ kò kéré. Gbogbo ayé mọ̀ pé kì í ṣí fìlà kí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bá a wí, a ní ẹni tó bá fẹ́ rí orí òun, kó dúró kí òun sùn. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló gbé kámẹ́rà fíìmù dání níbẹ̀, irú kékeré tí kì í gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀kan ni Tíṣà Festus tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èjìnrìn. Orí ilẹ̀ ni ó dúró sí. Èkejì ni àbúrò olóyè tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Inú ọkọ̀ ni òun wà. Fíìmù Tíṣà rí Fàsásì dáadáa, ṣùgbọ́n agboòrùn ńlá kan bo olóyè mọ́ ọn lójú. Fíìmù ará Lọ́ńdọ̀nù rí olóyè, kò rí Fàsásì. Nínú ti àkọ́kọ́, Fàsásì tí kì í ṣí fìlà ṣí fìlà. Nínú ti èkejì, olóyè ṣubú. Ìlú so méjèèjì pọ̀, wọ́n ní àmì ni ó fi fìlà ṣe fún ẹni tó yìnbọn.

Àwọn ọlọ́pàá tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi í: kí ló dé tí o fi ṣí fìlà? Èsì kan ṣoṣo ni ó ń fún wọn: ooru ló mú mi. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé kò sí òfin tó ní kí ooru má mú èèyàn, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìlú kò fi í sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Aṣífìlà. Òun náà búra pé fìlà kò ní kan orí òun mọ́ títí ìlú yóò fi sọ pé òun kò lọ́wọ́ nínú ikú olóyè.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ṣẹ̀rífátù ọmọ rẹ̀ nígbà náà. Ó ti ní àfẹ́sọ́nà ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà ránṣẹ́ pé àwọn kò ṣe mọ́, pé bí bàbá ìyàwó bá ṣí fìlà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ta ló mọ ẹni tí yóò ṣubú? Ṣẹ̀rífátù kó ẹrù rẹ̀, ó di Ìkòròdú. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀ níbẹ̀, ó lọ́kọ, ó bí Rodiat. Lójú ọ̀nà tó ti Gáréèjì lọ sí Ìpàkódò, níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, Ìyá Rodiat ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni bàbá rẹ̀, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn pátápátá.

Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn títí di Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 2004, nígbà tí obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Marina gbé aṣọ dúdú wọlé. Jọláolúwa ni orúkọ rẹ̀, inú ẹ̀sítéètì kan lẹ́yìn Gáréèjì ló ń gbé.

"Ìyá Rodiat, ẹ bá mi rán an kó bá mi lára mu o. Ìrántí ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí bàbá mi kú ni. Ní Ẹ̀pẹ́, Sátidé tó ń bọ̀, kì í ṣe ti ọ̀túnla."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere," ni Ṣẹ̀rífátù sọ, píìnì mẹ́rin lẹ́nu rẹ̀. "Àìsàn ni àbí ọjọ́ orí?"

"Wọ́n yìnbọn pa wọ́n ni, ní Èjìnrìn. Olóyè Mojúbàolú. Ẹ ò ní mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. A máa fi fíìmù rẹ̀ han gbogbo èèyàn ní gbọ̀ngàn, kí àwọn ọmọ wa lè rí ẹni ibi tó ṣí fìlà tí wọ́n fi pa bàbá mi."

Díẹ̀ ló kù kí Ṣẹ̀rífátù gbé píìnì mì. Ó yọ wọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù, ó wọn àyà obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rántí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé Rodiat wà ní ilé ìwé gíga ní Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n bá fi fíìmù yẹn hàn, orúkọ tí òun sá fún láti Èjìnrìn yóò wá bá ọmọ òun níbẹ̀.

Ṣẹ̀rífátù kò tíì wo fíìmù náà rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tì ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá sí ọ̀dọ̀ Tìrìmísíyù onífídíò ní ẹ̀gbẹ́ Gáréèjì. Tìrìmísíyù yìí ni ẹbí olóyè gbé fíìmù méjèèjì fún ní ọdún 1991 pé kí ó sọ wọ́n di kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ fídíò tó o ní Ìkòròdú, pàápàá bí o bá bi òun fúnra rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Ìyá Rodiat, ẹ wo ọpọlọ!" Ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. "Mo fi ẹ̀rọ kan náà ju fíìmù méjèèjì sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi kámẹ́rà mi yà wọ́n. Mo wá pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì. Aṣífìlà lósì, olóyè lọ́tùn-ún. Ẹ bi mí báwo ni mo ṣe mú kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀."

"Báwo lo ṣe mú kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀?"

"Ewúrẹ́!" Tìrìmísíyù lu àyà. "Ewúrẹ́ kan wà tí wọ́n fẹ́ fi ta olóyè lọ́rẹ. Ó já bọ́ sínú ọ̀sà. Kámẹ́rà méjèèjì ló rí i. Ibi tí ewúrẹ́ ti kan omi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ apá méjèèjì. Ta ló máa ronú kan ìyẹn ní gbogbo Ìkòròdú?"

Ṣẹ̀rífátù wò ó. Ewúrẹ́ já bọ́ lósì, ó já bọ́ lọ́tùn-ún. Lósì, bàbá rẹ̀ dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ọ̀dọ́ ni, fìlà rẹ̀ wà lórí bí àkùkọ tó dúró lórí àjà. Lọ́tùn-ún, Olóyè Mojúbàolú ń ti inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Fìlà ṣí lósì. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, olóyè ṣubú lọ́tùn-ún. Bí ó ti ń ṣubú ni apá òsì kúrò, tí olóyè sì gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Kí ló dé tí apá òsì fi lọ?"

"Ẹni ńlá ń ṣubú, ẹ fẹ́ máa wo awakọ̀?"

Ọkàn Ṣẹ̀rífátù bàjẹ́. Àṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan ń yọ ọ́ lẹ́nu, bí aṣọ tí ọrùn rẹ̀ kò tọ́ tí èèyàn kò sì tíì mọ ibi tó ti wọ́.

"Kí ló dé tí olóyè ń rìn bí ẹni tó wọ inú ẹrẹ̀?"

"Ẹrẹ̀ kẹ̀! Bí ẹni ńlá ṣe ń rìn nìyẹn. Nínú gbogbo òde tí mo bá yà, bí alága bá ti ń wọlé, mo máa dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó máa rọra bọ̀. Bí alága bá sáré wọlé nínú fídíò, ta ló máa mọ̀ pé alága ni? Wọ́n á ní akọ̀wé ni."

"Ṣé o dẹ ti olóyè sílẹ̀ nìyẹn?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án o! Bó ṣe jáde fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ẹbí ò tilẹ̀ jẹ́ kí n bèèrè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo ní háà, iyì ni iyì, ẹ̀rọ pàápàá mọ ẹni ńlá."

"Dá a padà síbi ewúrẹ́."

Tìrìmísíyù dá a padà. Ewúrẹ́ já sómi lósì àti lọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ti òsì yọrí, ó gbọn etí. Ti ọ̀tún kò tíì yọ.

"Tìrìmísíyù, ewúrẹ́ mélòó ló já sómi lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan náà ló ti jáde níbí, tó sì ń mu omi lọ́wọ́ níbí?"

Tìrìmísíyù họ orí. Ó dá a padà, ó wò ó, ó tún họ orí. "Bóyá," ó ní, "nítorí pé ewúrẹ́ olóyè ni."

Lálẹ́ kọ́, ọ̀sán gangan ni òye là fún Ṣẹ̀rífátù, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń rán etí aṣọ dúdú yẹn, ó fẹ́ kí ojú òwú fẹ̀ díẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mú àgékù aṣọ, ó rán ìlà kan pẹ̀lú ojú òwú tó fẹ̀, ó rán òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó há. Níbi tí èyí tó fẹ̀ ti fi ojú mẹ́ta dé, èyí tó há fi ojú mẹ́rin dé ibẹ̀. Aṣọ kan náà, gígùn kan náà. Fíìmù kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ: fọ́tò kéékèèké ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú òwú. Bí kámẹ́rà ará Lọ́ńdọ̀nù bá ń ya fọ́tò mẹ́rin nígbà tí ti Tíṣà ń ya mẹ́ta, tí Tìrìmísíyù wá fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ìyára kan ṣoṣo, ju méjèèjì sára ògiri, dandan ni kí olóyè máa rìn bí ẹni tó wọ inú ẹrẹ̀. Iyì kọ́ ló ń dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọdún mẹ́tàlá sì rèé tí gbogbo ayé ti ń wò ó, kò sẹ́ni tó fura, nítorí ojú ará Èkó kò mọ ẹni ńlá tó ń yára nínú fídíò.

Ó kù kí ó ka fọ́tò náà. Ọwọ́ Jọláolúwa ni fíìmù wà.

Nígbà tí Jọláolúwa wá dán aṣọ wò lọ́jọ́ Sátidé, Ṣẹ̀rífátù dúró títí apá kan fi wọlé, tí ẹ̀gbẹ́ kún fún píìnì láti abẹ́ apá dé ìbàdí, tí obìnrin náà kò sì lè sá lọ síbì kankan láìgún ara rẹ̀.

"Ẹ má mira, àǹtí. Èmi ni ọmọ Fàsásì."

"Fàsásì wo?"

"Fàsásì Aṣífìlà."

Jọláolúwa mira. "Yéè!"

"Mo ní kí ẹ má mira."

"Ìwọ! Ọmọ apànìyàn! Bàbá rẹ ló pa bàbá mi, o wá ń wọn àyà mi!" Gbogbo 'ẹ' tó ti ń fi pè é láti ọjọ́ yìí di 'ìwọ' lójú ẹsẹ̀.

"Ó lè jẹ́ òun ni," Ṣẹ̀rífátù dá a lóhùn. "Bó bá jẹ́ òun ni, fíìmù yóò sọ. Ẹ gbé e wá ká jọ kà á. Bí fìlà bá ṣáájú, èmi fúnra mi ni n óò dìde ní gbọ̀ngàn Ẹ̀pẹ́, n óò sọ pé ọmọ rẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá ìbéèrè kan lóhùn: ewúrẹ́ kan ṣoṣo lè rì fún ìgbà tí gígùn rẹ̀ yàtọ̀ síra?"

Ó fi àgékù aṣọ hàn án. Jọláolúwa wo ojú òwú mẹ́ta àti mẹ́rin náà títí. Ó rò pé òun ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n ó ti ń kà á lábẹ́nu. Nígbà tó yá, ó ní, "Bọ́ aṣọ yìí lára mi. N ó gbé e wá lọ́la."

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n jókòó tì í. Jọláolúwa gbé fíìmù méjèèjì wá nínú agolo bisikíìtì, pẹ̀lú kámẹ́rà ará Lọ́ńdọ̀nù àti gíláàsì tí olóyè fi máa ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìgéṣọ nídìí fèrèsé, wọ́n na fíìmù lé e. Ṣẹ̀rífátù ń fi orí píìnì tọ́ka sí fọ́tò, Jọláolúwa ń kà, nígbà kejì wọ́n pààrọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Láti ibi tí ewúrẹ́ ti kan omi títí dé ibi tí orí rẹ̀ ti yọ, fọ́tò mẹ́rìndínlógójì ni nínú ti Tíṣà. Nínú ti ará Lọ́ńdọ̀nù, méjìdínláàádọ́ta ni.

"Mẹ́ta sí mẹ́rin," Jọláolúwa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó yẹ kámẹ́rà wò. Àmì rẹ̀ wà lórí mẹ́rìnlélógún, ìwé tí Tíṣà lẹ̀ mọ́ fíìmù tirẹ̀ sì sọ pé fọ́tò méjìdínlógún ni kámẹ́rà òun ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́ta sí mẹ́rin náà ni. Ewúrẹ́ kò purọ́.

Wọ́n wá ka èyí tó le. Láti ibi ewúrẹ́ dé ibi tí ọwọ́ Fàsásì ti kan fìlà, fọ́tò ọgọ́rùn-ún àti mẹ́jọ. Láti ibi ewúrẹ́ dé ibi tí orúnkún olóyè ti yẹ̀, ọgọ́fà. Ṣẹ̀rífátù kò mọ ìṣirò ilé ìwé, ojú òwú ló mọ̀: mẹ́rin tọ̀hún, mẹ́ta tibí. Ọgọ́fà tọ̀hún, àádọ́rùn-ún tibí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi fọ́tò àádọ́rùn-ún nínú ti Tíṣà. Níbẹ̀, fìlà ṣì wà lórí bàbá rẹ̀ digbí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára okùn. Ó kù fọ́tò méjìdínlógún gbáko kí ó tó ṣí i.

"Bàbá mi ti ṣubú," Jọláolúwa ní, "fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan."

Ìta ni ọlọ́kadà kan ti ń bú onímọ́tò, wọ́n sì gbọ́ èébú náà dé ìdílé ìyá ìyá onímọ́tò.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀," Jọláolúwa tún sọ, ó ti padà sí 'ẹ', "kí ni bàbá yín wá ṣí fìlà fún?"

Wọ́n bá fíìmù lọ síwájú, síbi tí Tìrìmísíyù ti gé kúrò nítorí ẹni ńlá. Fìlà kúrò lórí. Kò lọ sókè, kò jù síwá tàbí sẹ́yìn. Ó ń sọ̀ kalẹ̀: ó kọjá àyà, ó kọjá ikùn, ó dúró síwájú ṣòkòtò káákì, bàbá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú síbẹ̀. Ṣẹ̀rífátù gbé gíláàsì lé fọ́tò tó ṣáájú ìyẹn. Àpá dúdú kan wà níwájú ṣòkòtò náà, ó sì ń fẹ̀ sí i láti fọ́tò dé fọ́tò. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ojú gbogbo ayé fi wà lórí fìlà, kò sẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀.

"Ṣé ohun tí mo rò ni?" Jọláolúwa béèrè.

"Òun ni," ni Ṣẹ̀rífátù wí. "Ìtọ̀ ni."

Jọláolúwa fi aṣọ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ṣẹ̀rífátù kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Ṣẹ̀rífátù wọ ọkọ̀ lọ sí Èjìnrìn. Ó bá bàbá rẹ̀ létí ọ̀sà, ó ń tún àwọ̀n ṣe, orí rẹ̀ ń kọ mànà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ewúrẹ́ dé orí ṣòkòtò. Bàbá kò gbójú sókè nídìí àwọ̀n.

"Ṣé ó hàn?" ó bi í níkẹyìn.

"Ó hàn, bàbá mi."

"Ó tó báwo?"

"Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́."

"Ìyẹn kò burú. Mo ti rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó fi eyín já òwú. "Èmi nìkan ni mo dojú kọ olóyè. Gbogbo wọn ń hó, wọ́n ń jó. Èmi rí ihò tó yọ láyà rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, omi ti dé ilẹ̀."

"Ẹ wá ń sọ pé ooru ló mú yín!"

"Kí ni kí n sọ? Èmi Fàsásì, kí n dúró níwájú ọlọ́pàá kí n ní mo tọ̀ sára? Ìwọ gbọ́ mi. Láti ọdún yẹn, bí mo bá ń kọjá, àwọn géńdé a yà fún mi lọ́nà. Ẹni tó pa olóyè ń kọjá lọ! Kò sí ẹni tó jí àwọ̀n mi rí ní gbogbo etí ọ̀sà yìí. Ta ló máa yà fún ẹni tó tọ̀ sára?"

Ojú Ṣẹ̀rífátù ṣú. Kò gbé ohùn sókè rí sí bàbá rẹ̀, kò sì gbé e sókè lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jáde bí òkúta. "Wọ́n yà fún yín. Èmi ńkọ́? Wọ́n kọ̀ mí nílé ọkọ. Ìyá mi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ra ẹja lọ́wọ́ wọn mọ́ lọ́jà yìí, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ títí wọ́n fi kú. Aya Aṣífìlà ni wọ́n ń pè wọ́n títí wọ́n fi sin wọ́n."

Bàbá fi àwọ̀n sílẹ̀.

"Ìyá rẹ ló fọ ṣòkòtò náà," ó ní. "Lóru ọjọ́ yẹn gan-an. Ó bẹ̀ mí kí n sọ. Mo ní kó fi Kùránì búra pé òun ò ní sọ. Kò sì sọ."

Omi ọ̀sà ń gbá etí ọkọ̀. Ọkọ̀ kan kọjá, awakọ̀ rẹ̀ kí bàbá láti ọ̀nà jíjìn, bí wọ́n ṣe máa ń kí i. Bàbá kò dáhùn. Ó tẹ orí tó ń dán náà ba síwájú ọmọ rẹ̀.

"Téèpù rẹ dà?" ó ní. "Wọn orí mi, kí o rán fìlà fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ọ́, kí ìwọ tàbí Tìrìmísíyù má sọ ọ́ fún mi."

Ó wọ̀n ọ́n. Ínṣì mẹ́tàlélógún.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn Ẹ̀pẹ́ kún dẹ́múdẹ́mú ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo fèrèsé. Alàgbà Síkírù ló jókòó sí àga alága, àgbà òṣèlú, ọ̀rẹ́ olóyè. Nínú fíìmù ti Tíṣà, òun ni géńdé tó bẹ́ sínú ọ̀sà bí olóyè ti ṣubú tán. Gbogbo ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ń yìn ín pé ó lé apànìyàn wọnú omi. Nígbà tí Bàbá Fàsásì wọlé, tó mú fìlà aṣọ òkè tuntun lọ́wọ́ tí kò dé e, ariwo sọ. Àwọn kan dìde, wọ́n fẹ́ tì í jáde. Jọláolúwa dìde nínú aṣọ dúdú tó bá a lára mu rẹ́gí.

"Èmi ni mo pè wọ́n," ó ní. "Ẹ jókòó, ẹ fọkàn balẹ̀."

Tìrìmísíyù tan fíìmù. Ó ti tún un ṣe fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, ewúrẹ́ òsì àti ewúrẹ́ ọ̀tún sì yọrí lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Ṣùgbọ́n bí olóyè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn ẹbí figbe bọnu. Olóyè ń yára! Ó ń ju ẹsẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni tó fi iná sílé.

"Kí lẹ fi bàbá wa ṣe? Ẹ ti sọ olóyè di akọ̀wé!"

Jọláolúwa nìkan ni kò pariwo. Ó gbá ọwọ́ Ṣẹ̀rífátù mú. "Bí wọ́n ṣe máa ń rìn nìyẹn," ó ní, omi lójú rẹ̀. "Mo máa ń sáré tẹ̀ lé wọn ni. Mo ti gbàgbé."

Lọ́tùn-ún, olóyè ṣubú. Lósì, fìlà Fàsásì ṣì wà lórí. Gbogbo gbọ̀ngàn rí i. Ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá, fìlà ṣí. Tìrìmísíyù dá a dúró níbẹ̀.

"Ó ti ṣubú kí n tó ṣí i," Bàbá Fàsásì dìde, ó sọ ọ́ kíkan. "Ẹ ti rí i. Ẹ óò wá bi mí pé kí ni mo ṣí i fún. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo tọ̀ sára. Fìlà ni mo fi bò ó. Ẹ jẹ́ kí fíìmù máa lọ."

Fíìmù lọ. Fìlà sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá àyà, ó kọjá ikùn, ó dúró. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì gba gbogbo ilé kan bí iná ọyẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Fàsásì dúró láàárín ẹ̀rín náà, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí òjò ń pa tí kò fẹ́ sá.

Alàgbà Síkírù lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

"Ẹ̀rín yẹn tó," ó ní. "Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yìnbọn kì í tọ̀ sára. Fàsásì ò lọ́wọ́ sí i." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Èmi náà tọ̀ sára o. Èmi tí ẹ ń yìn láti ọjọ́ yìí pé mo lé apànìyàn wọ inú omi. Apànìyàn wo ló wà nínú omi? Ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bẹ́ síbẹ̀ kí ẹ má bàa rí ṣòkòtò mi."

Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó lè ṣe alága mọ́ níbẹ̀. Ṣẹ̀rífátù gba fìlà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó dé e fún un, ó tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Bàbá fọwọ́ kàn án, ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé àlejò kan ló wá jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Alàgbà Síkírù tí kò kí i láti ọdún 1979 nawọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà, níwájú gbogbo èèyàn. "Fàsásì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Bàbá Fàsásì wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè láti ṣí fìlà kí èèyàn. Bí ó ti ṣí i, ìlà ìjókòó mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn ba mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Tìrìmísíyù sì wọ abẹ́ tábìlì tòun ti ẹ̀rọ.

Bàbá wo gbogbo wọn níbi tí wọ́n ba sí. Ó fi fìlà fẹ́ atẹ́gùn sójú.

"Ooru ló mú mi," ó ní.